Ìnhélà Inú Omi Àdúrà

Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́: èmi ni mo fi ìnhélà sínú omi àdúrà. Wòlíì kọ́ ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, n ò sì lá àlá kankan. Orí ara mi ni mo fi rò ó, èmi Mojísọ́lá tí mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tí mo kàwé, tí mo sì máa ń pe àwọn ẹlòmíì ní aláìmọ̀kan.

Ìgàndò ni mo ń gbé, ní àdúgbò kan tó ya wọlé láti títì Ìkọ̀tún, níbi tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá kàn yí padà báyìí, òórùn Solous, ààtàn ńlá tí wọ́n ń da ìdọ̀tí ìlú sí, á wọlé wá jókòó sí pálọ̀ ẹni. Sutana ni mo ń rán. Bí ẹ bá rí aláṣọ funfun kan ládùúgbò wa tí ọrùn sutana rẹ̀ dúró dáadáa, tí kò so jọ̀bọ̀lọ̀ síwájú, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Màmá Sutana ni gbogbo èèyàn ń pè mí. Olúsànyà ọkọ mi ti di olóògbé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ, Iyìolúwa, wà ní Kánádà, níbi tó jẹ́ pé bí mo bá ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, oorun ló ṣì ń sùn. Ọjọ́ Sunday nìkan ló máa ń ráyè pè mí.

Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tí ikọ́ fée ti ń bá mi gbé. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ó ń ràn. Kì í ràn o, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún? Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí mo bá ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì báyìí, ẹni tó jókòó tì mí á ṣàdédé rántí pé òun ní nǹkan ṣe ní ìlà iwájú. Nígbà tó yá, mo kó ara mi lọ sẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo ní nítorí èéfín tùràrí ni. Òótọ́ ni pé èmi àti èéfín tùràrí kì í rẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tùràrí nìkan. Ó dùn mí. Èmi ni mo rán aṣọ tó wà lọ́rùn gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jókòó tì mí nínú wọn.

Méjì ni ìnhélà tí dókítà kọ fún mi látìbẹ̀rẹ̀, búlúù àti bíráwùn. Ó ní kí n máa lo bíráwùn láràárọ̀ àti lálaalẹ́, yálà ó ń ṣe mí tàbí kò ṣe mí. Búlúù ni ti ìgbà tí àyà bá há. Mo lo bíráwùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, n ò rí ohun tó ṣe. Mo sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú àwọn bọ́tìnnì tí kò ní èkejì. Ṣùgbọ́n búlúù! Ẹ kàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò ní pẹ́ tí àyà yóò fi tú, bí ìgbà tí ẹnìkan dá yín lóhùn láti inú lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mi ò ní purọ́.

Nígbà tí Olúsànyà wà láyé, bóyá ni mo fi ń lo búlúù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, ó di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́rin, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ó ti di ẹ̀ẹ̀mejìlá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé òwú kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Àyà mi ń lù kì-kì-kì nígbà tí mi ò sáré, tí mi ò sì bẹ̀rù ohunkóhun. Mo ní ọjọ́ ogbó ló dé. Bí Iyìolúwa bá pè, tó sì bi mí pé, "Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lo búlúù yẹn báyìí?" ohun tí màá sọ ni pé, "Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ó pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀mejì." Irọ́ ni. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, á ní kí n kó lọ sílé àbúrò bàbá òun ní Òkè-Odò, kí n lọ máa gbé nínú yàrá àlejò, kí wọ́n máa yà fún mi bí wọ́n ṣe ń yà fún àga tó wà lójú ọ̀nà. Ó sàn fún mi kí n dá wà nínú yàrá tèmi ju kí n dá wà láàárín èrò lọ.

Lóṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá yìí, nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an, Wòlíì Báyọ̀dé kéde àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Àṣà ìjọ wa ni pé ẹni tí nǹkan bá ń dà láàmú á gbé omi wá nínú abọ́, á fi ohun tó dúró fún ọ̀ràn náà sínú rẹ̀, á sì gbé e sórí ilẹ̀ àánú, ìyẹn orí iyanrìn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà dé. Lọ́jọ́ kẹta, á lọ gbé e. Sísítà Happiness tó ń wá ọkọ fi òrùka sínú tirẹ̀. Bùrọ́dà Ebenezer fi kọ́kọ́rọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí i, ó dípẹtà, odindi àárọ̀ kan ló fi ń bẹ kẹ̀kẹ́ kó dákun kó ṣíná. Mo fi Ebenezer ṣe yẹ̀yẹ́ títí mo fi wúkọ́. Mi ò mọ̀ pé tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn.

Èmi fi agolo ìnhélà búlúù sínú tèmi. Méjì ló wà lọ́wọ́ mi: èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àti tuntun tí Iyìolúwa fi rán ẹnìkan sí mi. Mo fa agolo tuntun náà yọ kúrò nínú ike rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ rì sínú omi. Mo ní kí oògùn àti àdúrà pàdé lójú kan, kí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n tó wọ àyà mi. Wòlíì kò mọ̀. Ká sọ pé ó mọ̀ ni, á bá mi wí, torí ojoojúmọ́ ló ń wí fún wa pé kí ẹni tó ń lo oògùn má fi oògùn rẹ̀ ṣeré. Bí ẹnìkan bá jókòó tì mí lọ́jọ́ náà, ì bá bi mí pé, "Màmá, kí lẹ fi síbẹ̀ yẹn?" Kò sí ẹni tó jókòó tì mí.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni búlúù àtijọ́ tán pátápátá. Mo lọ gbé agolo inú omi, mo fi àlòkù sutana nù ún, mo dá a padà sínú ike rẹ̀, mo sì jù ú sínú báàgì pẹ̀lú ọkàn balẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, aago mọ́kànlá àárọ̀ kò tíì lù, mo ń gé aṣọ lórí tábìlì. Eruku ọyẹ́ wà níta, fọ́nrán òwú funfun ń fò káàkiri nínú ilé, atẹ́gùn sì yí padà láti Solous, ó gbé èéfín wọlé. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí há bí ẹni pé ẹnìkan ń di ìgbànú mọ́ mi. Súfèé bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀. Mo ti ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe na ọwọ́ sí báàgì, àbí kí ló fẹ́ bà mí lẹ́rù? Mo tẹ ìnhélà, omi díẹ̀ ló tu sí mi lẹ́nu. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dún ṣí, kò sí nǹkankan níbẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n. Mo ń gbọ́ oògùn nínú agolo, ó kún bámúbámú, kò sì jáde.

Mo gbé fóònù. Ta ni mo fẹ́ pè? Iyìolúwa ń sùn lókè òkun. Mo ń wo orúkọ inú fóònù láti òkè dé ìsàlẹ̀, oníbàárà mi ni gbogbo wọn. Mo mọ ìwọ̀n àyà gbogbo wọn, mi ò mọ èyí tó máa wá bí mo bá pè é tí mi ò lè sọ̀rọ̀.

Ẹnìkan ṣoṣo ló máa ń wà nílé nírú àkókò yẹn, ìyẹn Ìyá Abdulganiyy, alágbàfọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí yàrá rẹ̀ dojú kọ tèmi. Oṣù mẹ́rin la ò ti kí ara wa. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ló ń lò, torí iná tí kò sí, ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń dá iná rẹ̀ sí. Mo ti bá a wí títí. Lọ́jọ́ kan, ó dá mi lóhùn pé, "Ṣé èmi ni mo ni Solous ni, Màmá?" Inú bí mi, mo gbé ike omi, mo dà á sórí èédú òun áyọ́ọ̀nù. Aṣọ oníbàárà wà nítòsí, gbogbo rẹ̀ dúdú. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé: láti ọjọ́ náà, bí mo bá jáde, á wọlé, bó bá sì jáde, èmi náà á wọlé.

Mo fi ògiri rìn dé ibẹ̀. Ohùn kò jáde lẹ́nu mi. Mo fi sísọ́ọ̀sì ọwọ́ mi lu irin ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ta nìyẹn? Háà, Màmá Sutana! Mi ò tíì dá iná kankan lónìí o, ẹ jọ̀ọ́, àbí omi lẹ tún fẹ́..." Ó wo ojú mi, ó wo ètè mi, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "Yéè! Ẹ jókòó. Ẹ má dùbúlẹ̀ o, ẹ jókòó ṣánṣán." Ó ti dé ẹ̀yìn mi kó tó sọ ọ́ tán.

Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ mi yé.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́," ó wí, ó sì sáré jáde lọ pe kẹ̀kẹ́, ìborùn rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀. Títí a fi dé ọsibítù, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti bó wà lẹ́yìn mi. Mi ò rántí ìgbà tí ẹnìkan ti fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn kẹ́yìn.

Wọ́n fi nǹkan bo imú òun ẹnu mi, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan tó ń pariwo, tó ń sọ oògùn di ìkùukùu. Díẹ̀díẹ̀, ìgbànú náà tú. Nọ́ọ̀sì kan wọlé pẹ̀lú fáìlì, Hephzibah ló wà lára káàdì àyà rẹ̀. Ó kọjú sí Ìyá Abdulganiyy.

"Kí lorúkọ mọ́mì?"

"Màmá Sutana ni gbogbo wa ń pè wọ́n."

"Orúkọ wọn gan-an ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n o, nọ́ọ̀sì."

Ọdún mẹ́fà la ti jọ ń gbé. Mo fẹ́ bínú sí i. Mo wá bi ara mi pé ká ní èmi ni wọ́n bi ní orúkọ tirẹ̀ ńkọ́, kí ni màá sọ? Ìyá Abdulganiyy náà ni. Ojú tì mí lábẹ́ ohun tí wọ́n fi bò mí lẹ́nu.

Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo sọ orúkọ mi. Nọ́ọ̀sì mú ìnhélà mi, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ̀ ẹ́, ó wò mí. Mo sọ ìtàn omi àdúrà fún un. Mo rò pé á rẹ́rìn-ín bí mo ṣe fi Ebenezer rẹ́rìn-ín, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ike nìkan lèèyàn ń fi omi fọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó sì gbẹ dáadáa. Agolo irin yìí kò gbọdọ̀ wọ inú omi. Omi ti dí ẹnu rẹ̀. Ẹ gba àdúrà yín, ṣùgbọ́n kí oògùn wà ní gbígbẹ." Ó gbé tuntun kan fún mi. "Ó yá, ẹ ṣe bí ẹ ṣe máa ń ṣe é kí n rí i."

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì papọ̀, fìn-fìn, mo sì pa ẹnu dé bí ẹni tó jẹ súìtì.

"Ahọ́n lẹ fún lóògùn yẹn," ó wí. "Ẹ gbọ̀n ọ́n ná. Ẹ mí sóde tán pátápátá. Ẹ fi ètè dì í mú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí mí sínú jẹ́jẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré bí ẹ ṣe ń mí sínú lọ. Ẹ wá sé èémí mọ́lẹ̀ títí ẹ ó fi ka ẹẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ sinmi fún bíi ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó tún òmíràn fà." Ó mú kí n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbà. Ó wá ṣí fáìlì. "Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń lo búlúù?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀," mo ní. Ẹnu mi ti mọ̀ ọ́n lórí.

Ó wo ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n lórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì. "Mọ́mì, bí mo bá kọ ẹ̀ẹ̀mejì síbí, dókítà á gbà pé nǹkan ò burú, á dá yín padà sílé bí ẹ ṣe wá. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ ó tún padà wá. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n á gbé yín wá ni."

Mo wo Ìyá Abdulganiyy tó jókòó sétí àga lẹ́bàá ògiri. Mo rí Òkè-Odò níwájú mi, pẹ̀lú yàrá àlejò rẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mejìlá," mo ní.

"Lọ́sẹ̀?"

"Lóòjọ́."

Bírò rẹ̀ dúró. Ẹnu mi kò sì dúró mọ́. "Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni súfèé. Nígbà míì, ilé á kàn dákẹ́ ni. Á dákẹ́ títí àyà mi á fi há, mi ò sì ní mọ̀ bóyá àìsàn ni tàbí kì í ṣe àìsàn. Màá tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń dún fìn. Nǹkankan á dún nínú ilé."

Ìyá Abdulganiyy tẹ orí ba, ó ń ká etí ìborùn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́.

"Ọ̀nà atẹ́gùn ni oògùn yìí ń ṣí, mọ́mì," nọ́ọ̀sì wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Kò mọ iṣẹ́ kejì tí ẹ bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, ó ń mú kí ọkàn yín máa sáré, ó sì ń bo àìsàn mọ́lẹ̀ títí yóò fi ju agbára rẹ̀ lọ. Bíráwùn ló ń wo inú àyà sàn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Àràárọ̀ àti alaalẹ́, kí ẹ sì fi omi yọ ẹnu yín lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń wá búlúù ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, ẹ wá rí wa, ẹ má dúró dìgbà tó bá le."

"Báwo ni màá ṣe mọ èyí tó jẹ́ àìsàn?"

"Ẹ tẹ́tí sí àyà yín, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu. Gbólóhùn tó gùn. Bí súfèé bá wà, tàbí tí èémí yín kò gbé gbólóhùn náà dé òpin, ẹ lo búlúù lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá ràn yín lọ́wọ́, ọ̀nà ọsibítù ni. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí súfèé, tí gbólóhùn sì pé, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ ná, ẹ máa mí, kí ẹ wo ohun tó ń ṣe yín gan-an."

Ìyá Abdulganiyy ní láti lọ, aṣọ oníbàárà ń dúró dè é. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà.

"Mọ̀dínátù lorúkọ mi o, Màmá."

"Mojísọ́lá."

"Mo ti gbọ́ ọ. Kí n lè rí nǹkan sọ bí wọ́n bá tún bi mí."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n dá mi sílẹ̀. Èmi nìkan ni mo wọ kẹ̀kẹ́ padà. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn Mọ̀dínátù, ó ti gbé aṣọ lọ fún àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá. Aṣọ tí mo ń gé ṣì wà lórí tábìlì bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Mo wá bíráwùn rí lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì, ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, mo jù ú nù, mo gbé tuntun tí wọ́n fún mi jáde. Mo gbálẹ̀. Mo jókòó.

Nígbà tó di bíi aago mẹ́rin, ilé dákẹ́. Kò sí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sí ohùn Mọ̀dínátù lójúde. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí há. Ọwọ́ mi ti wà lórí búlúù kí n tó rántí nọ́ọ̀sì. Mo tẹ́tí, mi ò gbọ́ súfèé kankan. Ó kù kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ ohun tí màá sọ. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún oníkẹ̀kẹ́ pé kó já mi sílẹ̀, mi ò tíì la ẹnu.

Mo kọjú sí àga Olúsànyà. "Bàbá Iyìolúwa," mo ní, "mo ti ti ọsibítù dé o, wọ́n ní kí n má fi oògùn sínú omi mọ́, alágbàfọ̀ tí mo da omi sí èédú rẹ̀ yẹn ló gbé mi lọ, Mọ̀dínátù lorúkọ rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀."

Gbogbo rẹ̀ jáde tán nínú èémí kan ṣoṣo, èémí sì ṣẹ́kù. Mo dúró de ìdáhùn, bí òmùgọ̀. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi, mo sọkún gidi, mo sọkún bí mi ò ṣe sọkún lọ́jọ́ ìsìnkú, tí mo ń pín oúnjẹ fáwọn àlejò kiri. Nígbà tó tán, àyà mi ṣì há díẹ̀, kò sì sí súfèé níbẹ̀. Mo gbé búlúù sílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́.

Mo gbé fóònù, mo pe Iyìolúwa. Ọjọ́ Sunday kọ́. Kò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀mejì.

"Mọ́mì! Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé àyà yín ni?"

"Rárá, ọmọ mi," mo ní. "Àyà kọ́. Mo dá wà ni."